Ẹni Tí Ó Jókòó Sí Ìsọ̀, Òṣìṣẹ́ Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìṣirò Òwò Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ tí a ti ń gba owó oṣù. Ti ìsọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ni: ìsọ̀ gàrí, ti ẹja dídì, ti aṣọ rírán. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní irú rẹ̀, nítorí pé owó oṣù nìkan kò gbé ilé ró.

Ẹ rántí Kàdúná. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, kógbá sílé ní ọdún 2002. Ní ọdún 2007, United Nigerian Textiles náà ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì di ọlọ́kadà tàbí oníṣòwò kékeré. Kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ti ń ṣírò òwò.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí akápò ẹ̀ka wa bá dìde nípàdé, tí ó ní owó ń wọlé, owó ń jáde, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye tí ó kù, ṣé a ó pàtẹ́wọ́ fún un? A ó ní kí ó lọ mú ìwé wá. Kí ló dé tí a fi ń gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wa?

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Èmi àti ìyàwó mi ta ẹja dídì. Ojoojúmọ́ ni a ń tà, ojoojúmọ́ ni owó ń wọlé. Owó ilé ìwé ọmọ, owó oògùn, owó ìnáwó àwọn ẹbí, inú ike kan náà ni a ti ń mú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, fìríísà wa ṣófo. Mo ní àwọn oníbàárà ni kò rajà mọ́. Irọ́ ni mo pa. Àwa ni a jẹ òwò náà, bí àgbẹ̀ tí ó se àgbàdo irúgbìn rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpò gàrí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ rà á ní ₦40,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦2,000, ọ̀rá tí ẹ fi ń dì í jẹ́ ₦1,000. Ẹ tà á tán ní ọjọ́ mẹ́fà, ẹ sì rí ₦50,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní àwọn jèrè ₦10,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. ₦43,000 ni gàrí náà ná yín, nítorí náà ₦7,000 ni ó lé. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó sí ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà? Bí ẹ bá san ₦1,000 fún un lóòjọ́, ₦6,000 ti lọ. ₦1,000 péré ni èrè òwò.

Àwa tí a jà títí òfin fi gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦30,000 ní ọdún 2019, tí ó tún gbé e sí ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, àwa kan náà ni a ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ìsọ̀ ara wa, tí a sì ń mú ìyàwó àti ọmọ sìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì san án. Ìwé yóò wá fi hàn yín pé ₦1,000 lóòjọ́ kò súnmọ́ iye tí òfin wí, àti pé ó yẹ kí a fi ọjà mìíràn kún gàrí náà.

Ẹ tún wo iye tí ẹ ó fi ra òmíràn. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ni a rí bí owó ọkọ̀ àti iye ọjà ṣe ń gun òkè. Bí àpò gàrí bá di ₦45,000, ẹni tí ó ti ná ₦10,000 tí ó pè ní èrè kò ní ju ₦40,000 lọ lọ́wọ́. Kò lè ra odindi àpò mọ́. Ojú owó ni ó ná.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, iye tí ó kù. Ẹ kọ ọ́ ní alaalẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì ka owó ọwọ́ yín bóyá ó bá ìwé mu. Owó tí oníbàárà fi fóònù ránṣẹ́, owó ni. Ẹ kọ ọ́. Kóńgò gàrí tí ẹ bù lọ sílé, ẹ kọ ọ́ bí ọjà tí ilé rà. Ẹ ya àpò owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún àwìn: orúkọ, iye, ọjọ́ tí a dá. Àwọn ìyá wa fi ẹfun sàmì gbèsè sára ògiri. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan. Ní ìparí oṣù, ẹ ka ọjà tí ó ṣẹ́kù lórí àtẹ, kí ẹ ṣírò iye tí ẹ fi rà á.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìwé kò lè sọ òwò tí kò lérè di èyí tí ó lérè. Ṣùgbọ́n yóò tètè kìlọ̀ fún yín nígbà tí ojú owó ṣì wà nílẹ̀. Kí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù wa tí ó ní ìsọ̀ ti kọ ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ mú un dání wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ kò ní pa wá, a ó sì jèrè rẹ̀.