Ta Ló Máa Bo Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Àgọ́-Àmódù

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, n kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníròyìn ni láti máa béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè ni mo sì kó wá fún ẹni tó bá ń kọ́lé láàárín wa.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn tiwa yìí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Igi ńlá tó lè gba ìjì dúró kò pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí, ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn, ìjì á sì ṣíwájú òjò. Ẹ mọ ohun tó máa ń fi ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tálákà tí ìjì bá ṣí kì í ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí koríko la fi ń bolé, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Koríko bẹẹrẹ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ fún Aláàfin l'Ọ́yọ̀ọ́. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó bá fẹ́ bolé á bẹ ọ̀wẹ̀: ọmọ ìyá, ọ̀rẹ́, àti àna tí kò gbọdọ̀ má wá. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ jákujàku, àdúgbò kan náà ló ń gbé, ojú á tì í nígbà tí òjò bá rọ̀. Páànù wá dé, ó di iṣẹ́ owó. Ẹni tó kàn án lè ti lọ sí ìlú míì kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ìtìjú tó ń bá àwọn baba wa ṣọ́ iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìjì máa ń ti òrùlé lulẹ̀ ni. Rárá o, ó máa ń gbé e sókè ni. Bó ṣe ń fẹ́ kọjá lórí páànù ló ń fà á. Èyí tó gba fèrèsé wọlé á tún máa tì í látinú. Páànù tó nípọn nìkan kò lè gbà wá. Ohun tó so òrùlé mọ́ ògiri ló ń gbà wá, òun gan-an ni ojú kì í rí mọ́ tí wọ́n bá ti kan páànù àti àjà tán. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí ògiri bá parí kí ẹ tó wá agbaṣẹ́ṣe tó máa bolé. Ẹ wá a nígbà tí bíríkìlà ṣì ń to búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì bi í ní nǹkan márùn-ún.

Èkíní: "Ilé wo lẹ kàn tó ti pé ọdún márùn-ún?" Ilé tó kàn lóṣù tó kọjá kò tíì fi nǹkan kan hàn. Ẹ lọ bá onílé náà nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀. Ṣé ó jò? Nígbà tí ẹ pè é, ṣé ó padà wá? Kò sí ọlọ́wọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní àbùkù. Ẹni tó ń padà wá là ń wá.

Èkejì: "Kí ló máa di igi mọ́ ògiri?" Tó bá ní ìṣó nìkan ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Rọ́ọ̀dù ló yẹ kí bíríkìlà rì mọ́ inú kọnkéré orí ògiri, kó yọ sókè, kí káfíńtà wá ká a mọ́ pláńkì tó sùn lórí ògiri. Tí kọnkéré bá ti gbẹ láìsí rọ́ọ̀dù, àtúnṣe rẹ̀ ṣòro. Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tètè pàdé.

Ẹ̀kẹta: "Irú igi wo?" Apá le, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, arère rọ̀, ó sì rọrùn fún kòkòrò. Ẹni tó gba owó igi líle kò gbọdọ̀ fi igi rírọ̀ pamọ́ sábẹ́ páànù. Igi tútù á lọ́ tó bá gbẹ. Ojú yín ni kí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn ún.

Ẹ̀kẹrin: "Páànù wo?" Ti alumíníọ̀mù, 0.55 nípọn ju 0.45 lọ. Ṣùgbọ́n páànù onírin tí wọ́n ń fi gééjì kà, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ló ń fẹ́lẹ́ sí i: gééjì 28 nípọn ju 32 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Kí ìṣó ní rọ́bà lọ́rùn, kó sì wọ ibi tí páànù ti yọ sókè, kì í ṣe ibi kòtò tí omi ń gbà ṣàn. Níbi tí páànù méjì ti gun ara wọn, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ìlà-oòrùn tí ìjì ti ń wá.

Ẹ̀karùn-ún: "Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbowó?" Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san apá kan nígbà tí igi bá gòkè tí ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, apá kan nígbà tí páànù bá parí, kí díẹ̀ ṣẹ́kù títí òjò ńlá kan á fi rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, fọ́tò iwájú ilé kò sọ nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n ya ibi tí igi ti so mọ́ ògiri kí páànù tó bò ó.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì ń sọ nínú: "Ọmọ àbúrò màámi ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í nírú ìbéèrè yìí?" Ẹ bi í. Ìjì kò mọ ẹbí. Ẹni tó bá ṣàlàyé dáadáa, ẹ gbéṣẹ́ fún un. Ẹni tó bá bínú, ó ti dáhùn nìyẹn.

Èyí tó kàn mí lọ́kàn jù ni ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ bo kíláàsì, kí iṣẹ́ má lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni torí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni, tàbí torí pé owó tirẹ̀ ló kéré jù. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjì bá dé lọ́sàn-án. Kí agbaṣẹ́ṣe dáhùn ìbéèrè márààrún níwájú ìgbìmọ̀, kí tíṣà kan sì wà níbẹ̀. Tí òrùlé àtijọ́ bá sì jẹ́ asbestos, kí wọ́n má fọ́ ọ nígbà tí ọmọ wà nítòsí. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká ka ìbéèrè yé kí á tó dáhùn. Lọ́rọ̀ ilé, àwa ló kàn láti béèrè. Ìjì kò ní ṣí òrùlé wa o.