Oúnjẹ ọkàn wa



Ẹran ara ni ọkàn. Kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, iṣan tóóró ló sì ń gbé e wá. Bí a bá ń jẹ ọ̀rá ẹran àti epo láṣejù, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà, bí ẹrẹ̀ ti í dí ojú omi. Ebi á wá máa pa ọkàn.

Bí àyà bá ń fún yín lóko, tó sì ń dẹ̀ bí ẹ bá sinmi, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Apá ọkàn tó bá kú kì í jí mọ́.

Ẹ fi ẹja àti ẹ̀wà rọ́pò ẹran ọlọ́ràá.