Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìlù Tó Ń Dún Nínú Ọpọlọ Wa

 

Orí akàn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Maryland yìí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ìgbà ooru bá ti dé, a ó tẹ́ bébà sórí tábìlì, a ó fọ́ akàn, a ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé akàn ní eyín nínú ikùn? Nǹkan bí 30 sẹ́ẹ̀lì iṣan péré ló ń darí eyín yẹn àti asẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Eve Marder ní Yunifásítì Brandeis, ní Massachusetts, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Bí wọ́n bá yọ wọ́n lára akàn, tí wọ́n kó wọn sínú abọ́ omi iyọ̀, wọ́n á ṣì máa lu ìlù wọn lọ. Bí wọ́n bá dí iṣan tó ń gbé kẹ́míkà wá bá wọn, ìlù náà á falẹ̀, tàbí kó dákẹ́. Bí wọ́n bá kán irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ padà sí i, ìlù á tún sọ. Bí wọ́n bá pààrọ̀ kẹ́míkà, ìlù á yàtọ̀.

Ẹ rántí àwọn onílù dùndún lóde ìgbéyàwó. Bí ìyáàlù bá yí ohùn padà, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Wọn ò pààrọ̀ onílù kankan, síbẹ̀ ijó ti yàtọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Bàbá mi ni. Ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìrìn wọn falẹ̀. Àwa ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Odindi ọdún kan kọjá ká tó rí dókítà tó sọ pé Parkinson ni.

Nínú àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine ń kú. Bí dopamine bá dínkù, ìlù kan nínú ọpọlọ, tó ń lù láàárín ìgbà 13 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á le jù. Ara á wá gan. Levodopa ni wọ́n fún Bàbá. Ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di dopamine. Ìlù náà rọ̀, ara wọn sì tú díẹ̀. Kò wo àìsàn náà sàn o, ṣùgbọ́n Bàbá ń de bọ́tìnnì ara wọn.

Ẹ sì gbọ́ o: wèrèpè tó ń yún ni lára lóko, levodopa wà nínú kóró rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gún un fún òbí yín. Ẹ ò lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú ṣíbí kan, bó bá sì pàdé oògùn dókítà, ó lè pọ̀ jù.

Ẹ máa wo àwọn òbí wa dáadáa. Ṣé ọwọ́ kan ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́? Ṣé ọwọ́ kan kì í jù mọ́ bí wọ́n bá ń rìn? Ṣé lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ti ń kéré sí i? Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì tètè gbé wọn lọ rí dókítà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ó dìgbà o.