Owó Ilé ní Èkó: Kí Ni A Lè Ṣe?

  A mọ̀ pé ó ti rẹ ẹlòmíràn nínú yín kí ó tó dé kíláàsì ní alẹ́ yìí. 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ owó ilé ni. Àwọn àgbà sọ pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ní Èkó wa yìí, ilé tí ó yẹ kí a ti máa sinmi ti di ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àyà ayálégbé a bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí lánlọ́ọ̀dù bá kanlẹ̀kùn, ẹlòmíràn a ní kí ọmọ sọ pé òun kò sí nílé. Àbí irọ́ ni a ń pa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ mú bírò àti ìwé yín. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Ní oṣù 12, ó di ₦840,000. Ká ní yàrá kan jẹ́ ₦400,000 lọ́dún. Ejẹ́ńtì ní kí ẹ mú ₦40,000 wá. Ẹni tí ó kọ ìwé àdéhùn ní kí ẹ mú ₦40,000 mìíràn wá. Gbogbo rẹ̀ di ₦480,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦840,000. Ó ku ₦360,000. Ẹ pín in sí oṣù 12. Ó jẹ́ ₦30,000 lóṣù kan. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti jẹun, ni ẹ ó ti wọ mọ́tò, ni ẹ ó ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣé ó lè tó? Kò lè tó.

Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó ilé ń jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé.

Kí ló fà á tí ilé fi wọ́n? Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ dárúkọ.

Èkíní, ènìyàn pọ̀, ilẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 36 tí ó wà ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ. Omi sì tún gba apá kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń wọ̀ ọ́ láti wá iṣẹ́.

Èkejì, ohun èlò ìkọ́lé wọ́n. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni náírà ti já wálẹ̀ gidigidi sí owó ilẹ̀ òkèèrè. Irin, páànù àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló gbówó lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan ju ₦10,000 lọ ní ibi púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ń kọ́lé kì í rí owó yá tí yóò fi ọdún púpọ̀ san padà. Owó tí ó tu jọ ni ó fi ń kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ó bá kọ́ ọ tán, ó fẹ́ rí owó rẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe gbogbo onílé ni ó burú. Òun náà ń sá fún gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun mọ́, ó sì ní afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà. Obìnrin tí ń tajà pàdánù oníbàárà rẹ̀. Owó mọ́tò wá di gbèsè ojoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Bí wọ́n bá ní ilé kan dínwó ní ọ̀nà jíjìn, ẹ fi owó mọ́tò oṣù 12 kún un ná, kí ẹ tó gbà pé ó dínwó.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ó kọ́ wọn sí Ìsọlọ̀, Amùwó-Ọ̀dọ̀fin, Abẹ́sàn àti ibòmíràn. Wọn kì í ṣe ilé aláràbarà. Ilé kéékèèké ni wọ́n, ọ̀kan lórí èkejì. Títí di òní, Jákáńdè ni a ń pe àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé bí ìjọba bá fẹ́, ó ṣeé ṣe.

Nígbà náà, kí ni kí àwa ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan fún yín. Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ń ta ata. Ó gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọdọọdún ni ó ń san owó. Bàbá onílé jẹ́ ènìyàn rere, wọ́n sì ti di bí ọmọ ìyá. Nítorí náà, ìyá yìí kò béèrè rìsíìtì rí. Bàbá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n ní ìyá jẹ gbèsè ọdún méjì. Ìyá búra pé òun ti san. Wọ́n ní, “Màmá, rìsíìtì dà?” Ẹni tí ìbá jẹ́rìí ti wà nínú ilẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé kan. Kò lè kà á, ó sì tì í láti fi han ẹlòmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fi máa bá a kà á, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ̀rù bà á, ó sì san owó ọdún méjì náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a bi í pé kí ni ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀. Kò ní kí a kọ́ òun ní Bíbélì. Ó ní kí a kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka rìsíìtì.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ayálégbé ní ọdún 2011. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó ní bí ẹ bá san owó, kí onílé fún yín ní rìsíìtì. Ó ní ayálégbé tí ń san owó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn. Ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tipátipá lé ayálégbé síta láìgba àṣẹ kóòtù. Àwọn àdúgbò kan bí Ìkòyí àti Àpápá kò sí nínú òfin náà.

Ṣé ẹ gbọ́ ibi tí a ti ní, “bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn”? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ̀ka sí ìwé tí ó ní oṣù kan, oṣù kan ni ẹ gbà yẹn. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì. Bí ìjà bá sì ti wọ̀ ọ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó a máa bá onílé àti ayálégbé parí rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ohun kejì ni àjọ. Ẹ rántí ₦480,000 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ àti aya bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦20,000 lóṣù, ₦40,000 ni. Ní oṣù 12, ó pé ₦480,000 géérégé. Àjọ kò sọ owó ilé di kékeré o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbà yín lọ́wọ́ olówó èlé. Bí ẹ bá lè wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ní ìwé àkọsílẹ̀, ó tún sàn jù.

Ohun kẹta ni kí a para pọ̀ ra ilẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Éékà ilẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju pulọ́ọ̀tì mẹ́fà lọ, bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí ìdílé mẹ́fà bá rà á pọ̀, owó sọ́fè àti owó lọ́yà di àpínsan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wádìí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Alausa bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ onílẹ̀ nìkan rà á. Bí ẹ bá sì ń kọ́ ọ, ẹ kọ́ yàrá méjì parí, kí ẹ wọ inú rẹ̀. Ilé kékeré tí a gbé inú rẹ̀ sàn ju ilé ńlá tí igbó hù sí.

Ohun kẹrin kan ìjọba. Òfin ọdún 1992 dá owó ilé ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ a máa dá ₦2.50 nínú ₦100 owó rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó lè rí owó yá kọ́lé tàbí ra ilé. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í yá ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ pípé. Ẹ ò rí i? Ìwé náà la tún padà sí.

Lọ́dún 2016, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ènìyàn yóò fi san ìdá 5 nínú 100 owó ilé, tí yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ilé tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan sí ènìyàn tí ń wá ilé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ má béèrè ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n pé ilé mélòó ni wọn yóò kọ́, níbo, àti pé mélòó ni aláta yóò san lóṣù. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Bí ilé bá pọ̀, owó rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má ṣe san owó láìgba ìwé, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ìyá aláta ní rìsíìtì mẹ́ta nínú àpótí rẹ̀ báyìí. Fúnra rẹ̀ ni ó kà wọ́n sí wa létí.

 Ọlọ́run yóò fún olúkúlùkù wa ní ilé tirẹ̀.