Ajá Tó Ń Bá Wa Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá fẹ́ mú ajá rẹ̀ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó tètè bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹranko á kọ́kọ́ fi ṣíìpù tín-ín-tín sábẹ́ awọ rẹ̀, lẹ́yìn náà á gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ 30, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Láti ọjọ́ náà, oṣù 3 gbáko lẹ óò fi dúró. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀.

Ẹ lo àsìkò yẹn dáadáa, torí inú kéèjì ló máa wà nínú bàálù. Ẹ gbé kéèjì náà sí pálọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ wọ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀ síbẹ̀. Òórùn yín á fi í lọ́kàn balẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti máa jẹun, títí á fi máa wọlé sùn fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè dìde nínú rẹ̀, kó yíra padà, kó sì nà gbọọrọ.

Oògùn oorun ńkọ́? Háà, ẹ má dán an wò! Ó lè dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́ lókè, pàápàá ajá onímú pẹlẹbẹ, kò sì sẹ́ni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó tún ku oògùn aràn: dókítà á fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó dé ọ̀hún.