Kíkó Kúrò Nínú Ilé Kí Ọdún Tó Pé

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ níbi àpèjọ wọn)

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ilé ṣe ibi ìsinmi fún ọmọ ènìyàn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀, síbẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ilé yíyá ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi ilé òbí sílẹ̀ láti lọ kàwé, láti lọ kọ́ṣẹ́ tàbí láti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú tí wọn kò ní ẹbí sí. Yàrá kan ṣoṣo ni agbára wọn ká, nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Púpọ̀ nínú irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ òbí kejì fún ayálégbé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ìwà wọn kì í jẹ́ kí ayálégbé fi ojú méjèèjì sùn. Kí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ ṣe nígbà tí ó ti san owó ọdún kan, tí àyà rẹ̀ sì ń já nínú yàrá tí ó san owó lé lórí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Agége, ní ìlú Èkó. Ó gba yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo wà láàárín. Ó san owó ilé ọdún kan, ó san owó ìwé àdéhùn àti owó ajẹ́ńtì lé e. Owó tí ó fi ọdún méjì kó jọ ni. Bàbá onílé nìkan ni ó ń gbé yàrá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí wá wo ilé, bàbá náà rọ̀jò àdúà lé e lórí, ó ní ọmọ òun ni. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kò bèèrè ìdí tí ẹni tí ó gbé yàrá náà ṣáájú fi kó jáde láìpé ọdún.

Ní oṣù kìíní, ó ṣàkíyèsí pé bàbá yìí a máa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń ti ibi iṣẹ́ dé, a sì máa bi òun léèrè ibi tí òun ti ń bọ̀ àti ẹni tí ó sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Ó kà á sí ìtọ́jú tí bàbá ń tọ́jú ọmọ. Ní oṣù kejì, ó dé ní ọjọ́ kan, ó bá ìbòrí rẹ̀ lórí àga, bẹ́ẹ̀ ara ìṣó ni ó fi í kọ́ sí láàárọ̀. Ìlẹ̀kùn wà ní títì bí ó ṣe tì í. Ó rò pé òun ni òun gbàgbé. Ní oṣù kẹta, ó tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó sì bá bàbá náà tí ó ń ti inú yàrá òun jáde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní òun lọ wò ó bóyá òrùlé ń jò ni. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kankan kò rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru, tí yóò dé ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí yóò dúró, tí kò ní kànkùn, tí kò ní sọ̀rọ̀, tí yóò sì padà lọ.

Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tí ó sọnù nínú ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu rẹ̀ kò fi gbà á láti ròyìn. Nígbà tí ó sọ fún bàbá rẹ̀, èyí ní kí ó ṣe sùúrù, kí ó má fi owó ṣòfò, nítorí oṣù mẹ́sàn-án ṣì kù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tiwọn ní ojú lásán kọ́, wọ́n ní olóògùn owó ni bàbá náà, kí ó pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ fẹ́ kí ó jókòó sínú ewu. Ìmọ̀ràn kejì fẹ́ kí ó fi ahọ́n pa ẹni tí kò mọ ìdí ìwà rẹ̀. Méjèèjì ni kò dára.

Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ mú dání nìyí: ẹ̀rí kò pọn dandan kí ènìyàn tó kó kúrò níbi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pọn dandan kí ó tó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì yóò gba ara rẹ̀ là, kò sì ní kó ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀tọ́ ayálégbé. Bí onílé bá ti gba owó, tí ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́, onílé ni ó ni ògiri, ayálégbé ni ó ni ìlẹ̀kùn. Nínú Suratu Nuur, aaya 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ ọ. Ànábì kọ́ wa pé kí a tọrọ ìyọ̀ǹda títí dé ìgbà mẹ́ta, bí a kò bá dá wa lóhùn, kí a padà. Òfin ìjọba kò sì yà kúrò níbẹ̀. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí àlàáfíà àti àṣírí nínú ilé tí ó yá. Bí onílé bá fẹ́ yẹ yàrá wò tàbí tún un ṣe, ojúmọmọ ni kí ó wá, ní àkókò tí ó bójú mu, kí ó sì ti kọ̀wé ṣáájú. Nítorí náà, onílé tí ó fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn wọ yàrá ayálégbé ní ìkọ̀kọ̀ ti kọjá ààyè rẹ̀, ìbáà jẹ́ òrùlé ni ó lọ wò ní tòótọ́.

Àwọn kan yóò ní, níbo wá ni sùúrù wà? Sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe kí ènìyàn jókòó ti ewu nítorí owó. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Ní ọdún 622, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mọ́kà lọ sí Mọ̀dínà, ilé àti dúkìá ni ọ̀pọ̀ wọn fi sílẹ̀. Suhayb ará Róòmù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn Kùráẹ̀ṣì dí i lọ́nà, wọ́n ní ọwọ́ òfo ni ó bá wá sí ìlú àwọn, kò sì ní kó ọrọ̀ jáde. Ó fi gbogbo ohun tí ó ní sílẹ̀ fún wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé Mọ̀dínà, Ànábì sọ fún un pé èrè ni ó jẹ nínú òwò náà. Bí ẹni tí ó fi gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bá jèrè, kí ni a ó wí nípa ẹni tí owó ilé oṣù díẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n àdéhùn ní ọlá. Ìbẹ̀rẹ̀ Suratul-Maa'ida pa wá láṣẹ láti mú àdéhùn ṣẹ. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ Maliki tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, ilé yíyá jẹ́ àdéhùn tí kò ṣeé já bí ó bá ti wu ẹnì kan. Síbẹ̀ wọ́n fara mọ́ ọn pé bí àléébù bá yọ tí ó ba àǹfààní ohun tí a yá jẹ́, ẹni tí ó yá a lè fi í sílẹ̀, kí ó sì san owó ìgbà tí ó lò. Ilé tí ènìyàn kò lè sùn sí, ṣé a ṣì lè pe àǹfààní rẹ̀ ní pípé? Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ gba ojú ọ̀nà jáde bí ó ti gba ojú ọ̀nà wọlé.

Bí ó ṣe yẹ kí ó ṣe é rèé. Kí ó kọ ọjọ́ àti ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí sílẹ̀. Kí ó bá onílé sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, lójú àgbàlagbà kan, kí ó sì bèèrè láti pààrọ̀ àgádágodo. Bí ìwà náà kò bá dúró, kí ó kọ̀wé pé òun fẹ́ kó jáde, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó. Ní ti iye ọjọ́ tí a fi ń ṣe ìkìlọ̀, òfin 2011 náà sọ pé bí ẹni méjèèjì kò bá fẹnu kò lórí rẹ̀, oṣù kan ni fún ẹni tí ń sanwó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tí ń sanwó lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i, kí a sì bẹ onílé kí ó kọ oṣù kan tàbí méjì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó yé ènìyàn pé owó ni ìkìlọ̀ ń dè, kò de ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá já ìlẹ̀kùn wọlé, tàbí tí ó fi ọwọ́ kan ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí a jáde, kí a sì gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Ní ọjọ́ tí a ó kó ẹrù, kí ó jẹ́ ojúmọmọ, kí ẹbí tàbí àgbà mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Kí a san gbèsè iná àti omi, kí a gbá yàrá mọ́, kí a dá kọ́kọ́rọ́ padà lójú ẹlẹ́rìí. Bí owó kan bá kù lọ́wọ́ onílé, kí a bèèrè rẹ̀ láìjà. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà ń bá onílé àti ayálégbé parí irú aáwọ̀ yìí, kì í sì gba owó.

Ó wá ku ahọ́n. Nínú Suratul-Hujuraat, aaya 12, Ọlọ́hun kọ ohun mẹ́ta papọ̀: àbá dídá tí kò dára, títọ pinpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo bí aaya kan ṣoṣo ṣe de onílé tí ó de ayálégbé. Onílé tí ń yọ́ wọ yàrá ń tọ pinpin. Ayálégbé tí ó kó jáde tí ó ń sọ pé olóògùn owó ni bàbá kan, láìrí nǹkan kan, ń dá àbá búburú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú kí èrò sọ òkúta lu aláìṣẹ̀ ní ìlú wa. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Bàbá arúgbó tí ó ń dá gbé lè jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ ń dà rú, ó sì lè jẹ́ oníwà burúkú. Ọlọ́hun ni ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n dídákẹ́ pátápátá náà kò tọ́. Imaamu Nawawi, nínú ìwé rẹ̀ Riyaadus-Saalihiin, to ọ̀nà mẹ́fà tí a fi lè sọ àìdára ẹlòmíràn láìdẹ́ṣẹ̀, ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ràn sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Fatimah ọmọ Qays bi Ànábì léèrè nípa àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì sọ ohun tí ó mọ̀ nípa wọn fún un, kò sì fi pamọ́. Ìwọ̀n tí ẹni tí ó bèèrè nílò ni a ń sọ, a kì í bù kún un.

Báwo ni ti ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ṣe parí? Bàbá rẹ̀ wá kí i ní oṣù kẹrin. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọmọ tó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, bàbá onílé ti fi tirẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn, ó ní kí àlejò òun wọlé. Bàbá ọmọ kò sọ̀rọ̀. Ó kírun alásárì tán, ó ní, "Kó ẹrù rẹ." Wọ́n kọ̀wé ní ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àgbà mọ́ṣáláṣí kan sì bá a kó jáde ní ọjọ́ kejì. Nínú owó oṣù mẹ́jọ tí ó kù, ti oṣù mẹ́ta ni onílé dá padà lẹ́yìn tí àwọn àgbà dá sí i. Ìyókù kò padà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọbìnrin mìíràn tí ó fẹ́ gba yàrá náà wá a kàn, ó bi í léèrè ìdí tí ó fi kó jáde. Ó ní, "Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Mo bá wọn nínú yàrá mi nígbà tí n kò sí nílé. Wọ́n sì máa ń dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn mi lóru." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó tì í ní kí ó sọ ti oògùn owó kún un. Ó ní òun kò rí ìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní àyà òun ń já, ẹ lọ wo ilé náà kí ẹ tó wàásù sùúrù fún un. Ẹ̀yin onílé, ẹ kànkùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bèèrè ìdí tí ayálégbé àná fi lọ, kí ẹ tó sanwó.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ilé àlàáfíà láyé àti lọ́run. Kí Ó má jẹ́ kí á jẹ́ aládùúgbò búburú fún ẹnikẹ́ni. Aamiin.