Kí Ni Kí N Sọ Ọmọ Yìí?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìwé ìtàn àròsọ tí mo ń kọ nípa ogun Kírìjì. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí mo kọ orí kìíní tán, mo gbé e lọ fún olùkọ́ Yorùbá wa tí wọ́n jókòó síwájú níbí yìí. Bíró pupa yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn o! Wọ́n fàlà sídìí orúkọ jagunjagun mi, Olúwadámiláre. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́dún 1850?"

Ẹnu mi wọhò. Ẹni tó ṣíwájú ọ̀tẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí gan-an, Fábùnmi ló ń jẹ́.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀dá-ìtàn. Ọmọ babaláwo á jẹ́ Fá, ọmọ alágbẹ̀dẹ á jẹ́ Ògún, ọmọ eléégún á jẹ́ Ọ̀jẹ̀. Ẹ wo ìlú náà: Ṣó pọ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, àní Ṣódẹkẹ́ ló kó Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830. Kòsọ́kọ́, tó jọba Èkó láti 1845 sí 1851, orúkọ àbíkú ni: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ín mọ́. Ẹ wo àkókò pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, Àjàyí ni. Ìgbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825 ló tó di Samuel Crowther.

Nídìí iṣẹ́ ìròyìn, bí a bá ṣi orúkọ kọ, olórúkọ á wá bá wa jà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Òkú kò lè wá.

Mo bá lọ bi bàbá mi nípa orúkọ tiwa. Wọ́n ní, "Olú tó wà níwájú rẹ̀ yẹn, Fá ni tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ló yí i padà nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwé ìjọ." Mo ní ta ló wá bí bàbá wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "N ò mọ orúkọ wọn."

Ẹ̀yin ará, ó dùn mí. Èmi tí mò ń wá orúkọ fún ẹni tí kò sí, n ò mọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ mí sílẹ̀! Orúkọ Fá tí wọ́n pa tì yẹn ni jagunjagun mi ń jẹ́ báyìí.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí Ifá o. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, bí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé àti bíró, kí ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè orúkọ, kí wọ́n tó lọ.